Wọ́n ní mo jẹ ìtanràn páàkì ní Kútọ̀: ṣé kí n san án ni?

Ìbéèrè láti Àsẹ́rò

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ìjà nílé wa. Láàárọ̀ yìí, nǹkan bí aago méje, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi. Ó ní mo páàkì mọ́tò síbi tí kò yẹ ní Kútọ̀, ìtanràn mi jẹ́ ₦5,250. Tí n kò bá san án kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ó di ₦25,000, wọ́n á sì gbé mi lọ sí kóòtù. Líǹkì tí mo máa fi san án wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ohun tó ń já mi láyà ni pé lóòótọ́ ni mo lọ sí Kútọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo gbé mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, tòmátì ni mo fẹ́ rà. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n san án kí n sinmi, pé ₦5,250 kò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ dé kóòtù. Àbúrò mi ní gbájúẹ̀ ni. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?

* * *

Ẹ má san án, Màmá. Ẹ má tẹ líǹkì yẹn rárá. Àbúrò yín ló jàre.

Ẹni tó bá ti tẹ irú ẹ̀, tó ti kọ nọ́ńbà káàdì ATM rẹ̀ síbẹ̀, kó má jókòó ka gbogbo àlàyé yìí o. Kó lọ síbi tí mo kọ "Ẹni tó ti kó sí i" sí nísàlẹ̀, kó ṣe ohun tó wà níbẹ̀ ná, kó tó padà wá bá wa.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ fìdí kalẹ̀. POS ni mo ń ṣe ní Pańṣẹ́kẹ́, ọdún keje rèé lábẹ́ agbòòrùn kan náà, ojú mi sì ti rí oríṣiríṣi. Ẹni tí wọ́n ní ó jẹ ẹ̀bùn mọ́tò, ẹni tí wọ́n ní ọmọ rẹ̀ wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tí wọ́n ní BVN rẹ̀ ti kú. Ìtanràn páàkì ló wá kàn báyìí. Orin kan náà ni, ìlù ni wọ́n pààrọ̀.

* * *

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè lábẹ́ ọ̀rọ̀ Màmá ni pé: "Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé wọ́n lọ sí Kútọ̀?" Ẹnì kan tiẹ̀ ti ń bú àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ó ní àwọn ló ta nọ́ńbà Màmá.

Wọn kò mọ̀. Ta ló ní mọ́tò ní Abẹ́òkúta tí kì í dé Kútọ̀? Ọjà wà níbẹ̀, gáréèjì wà níbẹ̀, pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn àṣà June 12 tí a ti ń jẹ ìrẹsì ìnáwó wà níbẹ̀. Tí ẹnì kan bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fóònù, tó dárúkọ Kútọ̀, ẹni tí kò ní mọ́tò á rẹ́rìn-ín, á pa á rẹ́. Ẹni tí kò dé Kútọ̀ láti oṣù tó kọjá á ṣépè, á pa á rẹ́. Ẹni tó lọ ra tòmátì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun gan-an ni wọ́n ń wá. Bí àwọn aríran ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ṣe ń ṣe náà nìyẹn: "Mo rí obìnrin kan, ó pupa díẹ̀, kò fẹ́ràn rẹ." Ìdílé wo ni kò ti sí obìnrin tó pupa díẹ̀?

Màmá, ẹ padà ka àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn. Ṣé nọ́ńbà mọ́tò yín wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n kọ aago tí ẹ páàkì, ọ̀gangan ibi tí ẹ gbé e sí, òfin tí ẹ rú? Nínú èyí tí ẹ kọ síbí, "Kútọ̀" nìkan ni mo rí.

Kí n tètè fi èyí kún un kí ẹnì kan má baà mú un lọ bẹ́ẹ̀: bí nọ́ńbà mọ́tò bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, ìyẹn ò sọ ọ́ di òótọ́. Ara mọ́tò níta ni a kọ nọ́ńbà sí, gbogbo ayé ló ń rí i. Mẹkáníìkì, ẹni tó ń bá wa ṣe páátíkúlà, ọmọ tó ń fọ mọ́tò, gbogbo wọn ló ní nọ́ńbà mọ́tò wa àti nọ́ńbà fóònù wa lójú kan náà.

* * *

Ẹnì kan tó ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lòun ní kí a máa wo sípẹ́lì: tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti wọ́, gbájúẹ̀ ni. Ẹ má bínú sà, èmi ò fara mọ́ ọn. Ìmọ̀ràn ayé ìgbà kan nìyẹn. Àwọn ọmọ yìí ti ní ẹ̀rọ tó ń bá wọn kọ Gẹ̀ẹ́sì tó dán ju tèmi lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ́fíìsì gidi tí sípẹ́lì rẹ̀ rí wúruwùru. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì la fẹ́ fi wọ̀n wọ́n, a máa lé ẹni gidi dànù, a ó sì fa àga fún olè.

Ẹlòmíràn ní orí rẹ̀ ni kí a wò: tó bá jẹ́ nọ́ńbà 080 ló fi ránṣẹ́, irọ́ ni, tó bá jẹ́ orúkọ àjọ ló wà níbẹ̀, òótọ́ ni. Apá àkọ́kọ́ ò burú. Apá kejì ló léwu. Ẹni tó ń ránṣẹ́ ló ń kọ orúkọ tó máa jáde lórí àtẹ̀jíṣẹ́, ó sì lè kọ orúkọ onírúkọ. Tó bá wá jẹ́ orúkọ báǹkì yín ló kọ, fóònù yín á kó o mọ́ àwọn tí báǹkì ti ń fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, ẹ ó máa kà á tẹ̀lé ara wọn bíi pé ẹnu kan náà ló ti jáde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2024, ọlọ́pàá mú èèyàn méjì lórí ọ̀rọ̀ òpó fóònù àtọwọ́dá kan. Wọ́n ní òun ni wọ́n fi ń da ẹgbẹẹgbẹ̀rún àtẹ̀jíṣẹ́ irọ́ sórí fóònù àwọn èèyàn, tí kò gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù kankan kọjá. Irú ìyẹn, orúkọ wo ni wọn ò lè kọ sórí ẹ̀?

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìlú wa. Báwo ni ìtanràn mọ́tò ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta? Èèyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọmọ TRACE, àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ mọ́tò lójú títì, á na ọwọ́ nínú aṣọ iṣẹ́, á ní kí o yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tàbí kí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC tó ti wà láti ọdún 1988, dá ọ dúró, kí wọ́n wo láísẹ́ńsì rẹ, kí wọ́n kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ sínú ìwé, kí wọ́n já a fún ọ. Báǹkì tàbí orí ẹ̀rọ ni o ti máa san ìyẹn, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó mú ọ. Tàbí kí o ti inú ọjà Ìtókù jáde, kí o bá irin lọ́rùn táyà rẹ, kí àwọn ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́ọ̀ọ́kán, kí wọ́n máa jẹ gúgúrú. Inú á bí ọ. Àmọ́ o rí wọn, wọ́n rí ọ. Ìwé wà, aṣọ wà, ọ́fíìsì wà tí o lè lọ bá ọ̀gá wọn jà.

Ìtanràn ti Màmá yìí ò bá ẹnikẹ́ni pàdé rí.

Bí mo ṣe sọ èyí tán ni ẹnì kan tó ń wa mọ́tò lọ Èkó lójoojúmọ́ fi ohùn líle dá mi lóhùn. Ó ní mo ń ṣi aráyé lọ́nà, pé Èkó ti ń fi kámẹ́rà mú mọ́tò, àtẹ̀jíṣẹ́ sì ni wọ́n fi ń sọ fún onímọ́tò. Òótọ́ ló sọ, mo gbà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè sọ pé "ìjọba kì í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́," kí n sì lọ sùn. Ìjọba ń fi ránṣẹ́ níbì kan, fún ẹ̀ṣẹ̀ kan. Ẹ̀yìn òótọ́ kékeré yẹn sì ni irọ́ ńlá ń fara pamọ́ sí.

Nítorí náà, èmi ò ní kí ẹ máa ṣa èyí tó jẹ́ òótọ́ kúrò lára irọ́. Ẹ má ṣe iṣẹ́ yẹn rárá, kì í ṣe iṣẹ́ yín. Òótọ́ ni o, irọ́ ni o, ẹ má gba ọ̀nà tí àtẹ̀jíṣẹ́ là sílẹ̀ fún yín. Ẹ pa á tì, kí ẹ fúnra yín wá ọ́fíìsì náà lọ: àdírẹ́sì tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ sórí fóònù, tàbí kí ẹ kúkú gbé ẹsẹ̀. FRSC ní ọ́fíìsì nínú ìlú yìí, TRACE náà ní. Tí gbèsè bá wà lọ́rùn yín, wọ́n á bá a nínú ìwé wọn, ẹ ó sì san án níbẹ̀, ẹ ó gba rìsíìtì. Tí kò bá sí, ẹ ti fi owó mọ́tò mọ òótọ́.

Ẹni tó ń lọ Èkó, ohun kan náà ni tirẹ̀. Ojú ìwé ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ ni kó ṣí, kì í ṣe èyí tí àtẹ̀jíṣẹ́ gbé fún un.

* * *

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá bàbá àwọn ọmọ sọ, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Sà, ẹ ní ₦5,250 kò tó nǹkan. Àwọn náà mọ̀, ohun tí wọ́n ṣe dá iye yẹn nìyẹn. Ká ní ₦150,000 ni wọ́n kọ, ẹ̀ bá ti pe lọ́yà, ẹ̀ bá ti pe àbúrò yín tó wà níṣẹ́ ìjọba. Iye tí èèyàn lè fi ra oorun láìbéèrè ni wọ́n máa ń dá. Ó sì ti mọ́ wa lára. Bí wọ́n bá dá wa dúró lójú títì, kí a tó gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa, ọwọ́ ti wà lápò: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ síbí." Orí "ká parí ẹ̀ síbí" yìí ni gbájúẹ̀ ti ń jẹun.

Kì í tiẹ̀ í ṣe ₦5,250 ni wọ́n ń wá. Káàdì yín ni. Mo mọ ohun tí mo ń sọ.

* * *

Ó tó ọdún kan tí mi ò fi sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Èmi oníPOS, èmi tí mo ń kìlọ̀ fún èèyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n gbá mi mú. Ojú ń tì mí.

Alẹ́ ni, iná ti lọ, ó ti rẹ̀ mí. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé mọ́tò mi, Micra àlòkù kan tí mo fi ń gbé ọjà, ní ìtanràn ₦3,000 lọ́rùn. Mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì gidi ní Ṣápọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì ti sọ ìwé ẹ̀ nù, ibẹ̀ ni ọkàn mi kàn lọ. Mo tẹ líǹkì. Ojú ìwé tó ṣí mọ́ tónítóní. Ó ní kí n kọ nọ́ńbà mọ́tò, mo kọ ọ́. Nǹkan kan wá ń yí, ó ń yí, bíi pé ẹnì kan ń ṣí fáìlì. Ó jáde: ₦3,000. Mo kọ nọ́ńbà káàdì, mo kọ ọjọ́ tó máa kú, mo kọ nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn ẹ̀. Ó ní PIN, mo kọ PIN. OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báǹkì fi ń mọ̀ pé èmi ni mo fẹ́ sanwó, wọlé. Mo wo nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Ohun tí mi ò kà ni ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú nọ́ńbà mẹ́fà yẹn. Ọjọ́ kejì ni mo tó padà kà á. Wọ́n kọ ọ́ gbangba pé ₦87,000 ni wọ́n fẹ́ fi OTP yìí yọ, kí n má fún ẹnikẹ́ni. Ojú mi ti fò ó lọ sórí nọ́ńbà, bí ojú gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ wo OTP tó gbẹ̀yìn tí ẹ gbà. Ṣé ẹ rántí ohun tí wọ́n kọ ṣíwájú ẹ̀?

Láti ọjọ́ yẹn, bí OTP bá wọlé, mo máa ń fi ẹnu ka ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ síta bí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ (mi ò ka nọ́ńbà o). Ẹni tó ń ta ẹyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Báǹkì? Mo lọ, mo kọ ìwé, wọ́n ní kí n máa retí. Mo retí fún oṣù mẹ́rin. Kọ́bọ̀ ò padà, wọ́n ní èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ OTP.

* * *

Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Òmídá ní òun ní ọgbọ́n kan. Ó ní kí ẹ tẹ líǹkì, kí ẹ kọ nọ́ńbà mọ́tò tí kò sí láyé; tó bá ṣì bá yín rí ìtanràn, irọ́ ni. Ọgbọ́n ni lóòótọ́. Ojú ìwé irọ́ ò ní fáìlì kankan tó ń wò. Yíyí tó ń yí yẹn, àwòrán lásán ni. Kọ EWÚRẸ́ 001 síbẹ̀, á bá ọ rí ₦3,000. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni!

Síbẹ̀, mi ò ní kí Màmá ṣe é. Tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n lè ti mọ̀ pé èèyàn gidi ló wà lẹ́yìn nọ́ńbà yìí, òmíràn á sì máa tẹ̀lé òmíràn. Líǹkì mìíràn kò tiẹ̀ ní béèrè káàdì, áàpù ló fẹ́ gbé wọ inú fóònù Android, áàpù yẹn á sì máa bá wọn ka OTP láìsí pé ẹ tẹ nǹkan kan. Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe lè dán an wò lórí fóònù tí kò sí báǹkì nínú ẹ̀. Fóònù Màmá ni báǹkì wọn wà.

Ẹni tí ojú ń yún láti wo àdírẹ́sì, kó wò ó láìtẹ̀ ẹ́, kó sì mọ ibi tó máa wò. Àdírẹ́sì ìjọba ìpínlẹ̀ wa ni ogunstate.gov.ng. Ẹ jẹ́ ká ní èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni ogunstate.gov.ng-sanwo.top/itanran. Ẹ wá ìlà tó dà gẹ̀gẹ̀rẹ̀ yẹn, / àkọ́kọ́ lẹ́yìn orúkọ (ẹ má ka méjì tó máa ń tẹ̀lé https), kí ẹ wá máa kà bọ̀ láti ibẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bá ni ".top", lẹ́yìn náà "ng-sanwo". Ẹni tó ni ilé nìyẹn: ng-sanwo.top. Gbogbo "ogunstate.gov" tó wà níwájú, aṣọ àyálò ni. Bí ẹni tó kọ "Ààfin Aké, Abẹ́òkúta" sára géètì ilé kan ní Kùtọnu ló rí.

* * *

Ẹ dákun, ẹ̀yin tí ẹ ti gbé e dé orí pé kò sí ibi tí èèyàn ń páàkì sí ní Ìtókù àti Láfẹ́nwá, òótọ́ lẹ sọ, èmi náà ń sunkún ẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó ní kí wọ́n tú TRACE ká náà, ẹ rọra.

* * *

Bàbá kan ní Ìbarà ní ọmọ òun tó wà ní Leeds gba tiẹ̀ náà, pé ṣé ohun kan náà ni. Ẹbí ni wọ́n, àmọ́ ẹ má kó wọn pọ̀, torí ọ̀hún yàtọ̀ sí ibí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtanràn páàkì jẹ́ ohun tó ń bá tolówó tálákà, ìyẹn ló ṣe rọrùn láti fi dẹ́rù bà wọ́n. Ti káńsù sábà máa ń jẹ́ ìwé tí wọ́n fi mọ́ gíláàsì iwájú mọ́tò, tàbí lẹ́tà tó lọ sí ilé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé mọ́tò lọ́dọ̀ DVLA, àjọ tó ń kọ orúkọ onímọ́tò sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá tètè san láàárín ọjọ́ 14, ìdajì ló máa ń san. Ọjọ́ 28 ni wọ́n máa ń fún un láti san gbogbo rẹ̀ tàbí láti jiyàn. Ẹ wá fi ìyẹn wé "kí ilẹ̀ òní tó ṣú." Wọ́n tiẹ̀ ti ń lo orúkọ DVSA, àjọ tó ń ṣe ìdánwò awakọ̀ níbẹ̀, títí àjọ náà fi jáde sọ pé àwọn kì í dá ìtanràn páàkì. Ọmọ yín lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ṣọwọ́ sí 7726, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá rántí fóònù onítẹ̀ẹ́kátẹ̀ẹ́ ayé àtijọ́, 7726 ló ń kọ SPAM. Kó sì máa ṣọ́ra fún QR tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìsanwó páàkì: àwọn kan ń lẹ ti ara wọn bo ti káńsù mọ́lẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà, owó ibodè ojú títì ló kọ́kọ́ dé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, FBI kìlọ̀ pé àwọn ti gba ẹ̀sùn tó lé ní 2,000 lórí ẹ̀ láàárín bí oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn ló di ìtanràn páàkì ní àwọn ìlú ńlá bíi New York, wọ́n á ní gbèsè náà ń fi $35 gun orí lójoojúmọ́. Ọgbọ́n burúkú kan wà nínú tiwọn. iPhone kì í jẹ́ kí líǹkì àjèjì ṣe é tẹ̀. Wọ́n á wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí o fi Y fèsì, kí o jáde, kí o padà ṣí i. Bí o bá ti fèsì, fóònù á gbà pé ojúlùmọ̀ ni yín, líǹkì á wá ṣe é tẹ̀. Onílé ni wọ́n ní kó bá àwọn ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ pe ọmọ yín lálẹ́ òní, ẹ sọ ti Y yìí fún un.

* * *

Ẹnì kan ní tòun ò ní líǹkì, nọ́ńbà àkáǹtì ni wọ́n kọ sínú ẹ̀, ṣé ìyẹn sàn? Kò sàn, àmọ́ ó ní ibi tí ọwọ́ ti lè tẹ̀ ẹ́.

Bàbá awakọ̀ taksí kan ló wá bá mi ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òógùn bò wọ́n, wọ́n ní kí n bá àwọn fi ₦7,500 ránṣẹ́ kíákíá, ìtanràn ni. Mo tẹ nọ́ńbà àkáǹtì náà. Kí n tó tẹ bọ́tìnì tó gbẹ̀yìn, orúkọ jáde lójú ẹ̀rọ: orúkọ ọmọbìnrin kan, orúkọ mẹ́ta gbáko, ní ọ̀kan nínú àwọn báǹkì orí fóònù wọ̀nyí. Mo yí ẹ̀rọ sí wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ṣé ọmọ yìí ni ìjọba?" Wọ́n ní akọ̀wé ìjọba ni. Mo ní mi ò lè fi ránṣẹ́. Wọ́n bínú, wọ́n ní mo fẹ́ kí wọ́n gba mọ́tò lọ́wọ́ àwọn ni, wọ́n kọjá sábẹ́ agbòòrùn kejì. Ìyẹn bá wọn fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ tún dé pé owó ti wọlé, àmọ́ ó ku ₦4,000 owó ìwé. Ìgbà yẹn ni bàbá padà wá sọ́dọ̀ mi. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn na fóònù sí mi.

Ẹ̀yin oníPOS ẹgbẹ́ mi tó ń ka èyí, ẹ máa yí ẹ̀rọ sí oníbàárà. ₦100 tí ẹ máa jẹ lórí ẹ̀ kò tó èpè.

* * *

Ẹni tó ti kó sí i

Pe báǹkì rẹ báyìí. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ni kí o pè. Má pe èyí tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́, má sì pe èyí tí o bá he lórí Facebook, torí oníjìbìtì ti kó nọ́ńbà "kọ́sítọ́mà kíà" síbẹ̀ bí ẹní gbin àgbàdo. Ní kí wọ́n ti káàdì, kí wọ́n sì dí àkáǹtì. Tí áàpù báǹkì rẹ bá fàyè gbà á, ìwọ fúnra rẹ lè ti káàdì níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé fóònù. Ọ̀pọ̀ báǹkì tún ní kóòdù tí èèyàn lè tẹ̀ lórí fóònù ẹlòmíràn láti fi dí àkáǹtì ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí nǹkan kan ò tíì ṣe, ẹ wá ti báǹkì yín lónìí, ẹ kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná.

Lẹ́yìn náà, yí PIN padà. Tó bá jẹ́ pé o kọ BVN tàbí NIN sí i, sọ ọ́ fún wọn ní báǹkì, má fi bò, torí nọ́ńbà 11 yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yí padà bíi PIN. Tó bá jẹ́ áàpù lo gbé wọlé, pa dátà, yọ áàpù náà, má fi fóònù yẹn ṣe báǹkì títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi fọ̀ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, lọ sí ẹ̀ka báǹkì, kọ ìwé, gba àmì pé wọ́n gbà á. Má pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, ẹ̀rí rẹ ni. Ọlọ́pàá ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀ràn orí ẹ̀rọ, NPF-NCCC, wọ́n ń gba ẹ̀sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin tó de irú ìwà bẹ́ẹ̀ ti wà láti ọdún 2015, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2024. Mi ò sọ pé owó máa padà. Tèmi ò padà. Àmọ́ mo dúró di ọjọ́ kejì kí n tó pe ẹnikẹ́ni, ojú ló ń tì mí. Owó tí wọn ò tíì gbé kúrò nínú àkáǹtì tí wọ́n kó o sí, báǹkì lè dì í mú. Èyí tí wọ́n ti gbé kúrò, ó di ìtàn.

Ẹni tó bá wá sọ fún ọ pé òun mọ bí òun ṣe lè bá ọ gba owó náà padà, kí o kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù, àbúrò wọn nìyẹn. Ọ̀kan ti yọjú síbí láàárọ̀, a ti lé e.

Ẹni tó béèrè nípa 2442: tí ẹ bá kọ STOP ránṣẹ́ síbẹ̀, ìpolówó tí ilé-iṣẹ́ fóònù ń dà lé wa lórí á dín kù. Kò ní dá gbájúẹ̀ dúró, àwọn ìyẹn ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

* * *

Màmá ti padà wá, ọjọ́ kẹta rèé. Wọ́n ní àwọn gbé ẹsẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì bí mo ṣe wí, wọ́n ní wọ́n wo nọ́ńbà mọ́tò àwọn, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n wá ń béèrè pé ṣùgbọ́n àwọn páàkì síbi tí kò yẹ lóòótọ́, ṣé kò sí nǹkan tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ?

Màmá, ẹ lọ sinmi. Tí ẹ bá tún fẹ́ ra tòmátì, ẹ gbé mọ́tò wọ inú ibi tí wọ́n ti ń gba owó páàkì, ẹ já tíkẹ́ẹ̀tì yín.

Ní ti bàbá àwọn ọmọ, Màmá ní wọn ò kọ́kọ́ gbà, wọ́n ní ẹ̀yin tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ lẹ máa bá àwọn dé kóòtù. Àfi lálẹ́ àná tí tiwọn náà wọlé: wọ́n páàkì síbi tí kò yẹ ní Ṣápọ́n, ₦5,250, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bàbá ò ní mọ́tò. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n wà.